Ẹni Tó Lọ Ata Lẹ́ẹ̀kan: Ó Yẹ Kí Ilé-Iṣẹ́ Kékeré Kọ Preprocessor Tirẹ̀, Àmọ́ Kó Mọ Ìwọ̀n

Alásè tó gba iṣẹ́ òde ńlá kì í lọ ata lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń lọ̀ ọ́, á dín in nínú ìkòkò ńlá, inú rẹ̀ ni yóò ti bù sí ẹ̀fọ́, inú rẹ̀ ni yóò ti bù sí ẹran, ibẹ̀ náà ni yóò ti bù sí ìrẹsì. Bí iyọ̀ kò bá tó, ojú kan ni yóò ti tún un ṣe. Alásè tó bá ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ ata tirẹ̀ lọ́tọ̀ yóò rí i pé ìkòkò kan á níyọ̀ jù, òmíràn á tẹ́, àwọn àlejò á sì máa bi ara wọn léèrè bóyá ilé ìdáná kan náà ni oúnjẹ ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe géèmù fínra, àti àwọn tó ń ṣe àwòrán ilé tí wọn kò tíì kọ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á lè rìn kiri inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ni ọjà wọn, kóòdù tó ń kun àwòrán náà sì ni ata wọn. Ẹni tó bá ń da kóòdù yìí kọ láti fáìlì dé fáìlì ń lọ ata lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, owó oṣù òṣìṣẹ́ ló sì fi ń san án. Ohun tí yóò tún un ṣe kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ètò kékeré kan ni, tí wọ́n ń pè ní preprocessor, tí ọmọṣẹ́ kan lè kọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀gá kò bá mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró, ètò kékeré náà lè di gbèsè síi lọ́rùn.

Ká tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tó ń jẹ́ shader. Shader ni kóòdù tó ń sọ fún GPU, ìyẹn ẹ̀rọ ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà àti fóònù, bí yóò ṣe kun nǹkan: ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò kàn, ibi tí òjìji yóò ṣú sí, bí omi ṣe máa dán, bí awọ ara ṣe máa yàtọ̀ sí aṣọ. Kì í ṣe nǹkan àná. Ilé-iṣẹ́ Pixar ti gbé èdè shader jáde pẹ̀lú RenderMan wọn ní ọdún 1988, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n ṣe é fún. Ọdún 2001 ni káàdì GeForce 3 ti NVIDIA gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ wá sínú kọ̀ǹpútà ilé. Nígbà tó di 2002, Microsoft ti ní èdè tirẹ̀ tó ń jẹ́ HLSL, NVIDIA ní Cg. Ní 2004, OpenGL 2.0 jáde pẹ̀lú èdè tí wọ́n ń pè ní GLSL. Ẹ̀yà GLSL tí wọ́n ṣe fún fóònù ni WebGL ń lò nínú aṣàwákiri bíi Chrome àti Firefox títí di òní. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ kékeré tó fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń bá GLSL pàdé.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. HLSL mọ bí fáìlì kan ṣe ń pe òmíràn wọlé pẹ̀lú àṣẹ #include. GLSL kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ #define, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn. Ó mọ #ifdef, èyí tó ń yan ìlà tí wọ́n máa lò àti èyí tí wọ́n máa fò. Ṣùgbọ́n kí fáìlì kan sọ pé kí wọ́n lọ bá òun mú kóòdù ìmọ́lẹ̀ wá láti ibi tó wà, kò sí nínú òfin rẹ̀. Àfikún kan wà fún OpenGL orí kọ̀ǹpútà tó gbà á láyè, àmọ́ kò pọn dandan fún àwọn tó ń ṣe káàdì láti ní in, kò sì sí nínú WebGL rárá.

Kí ni ọmọṣẹ́ máa ṣe? Yóò dà á kọ ni. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì ní shader ogún (20): ti igi, ti gíláàsì, ti ògiri, ti omi àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kóòdù ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìlà ogójì (40), wọ́n sì ti dà á kọ sínú gbogbo wọn. Ìyẹn jẹ́ 800 ìlà tó ń sọ ohun kan náà. Ó di ọjọ́ kan, oníbàárà ní ìmọ́lẹ̀ yẹn ti pupa jù. Ọmọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe láti fáìlì dé fáìlì. Ó tún méjìdínlógún ṣe, ó gbàgbé méjì. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ dé iwájú oníbàárà, gbogbo pálọ̀ ti dára, àfi tábìlì àti dígí tó dà bíi pé oòrùn mìíràn ló ń ràn sí wọn. Oníbàárà kò mọ̀ pé fáìlì méjì ni wọ́n gbàgbé. Ohun tó mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò mọ́, ìwọ̀nba owó tó kù tí ó yẹ kó san ló sì máa dì mú.

Àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oògùn rẹ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dennis Ritchie tó dá èdè C sílẹ̀ sọ nínú ìtàn tó kọ nípa èdè náà pé ní nǹkan bí 1972 sí 1973 ni wọ́n fi preprocessor kún un, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé Alan Snyder rọ̀ wọ́n láti ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ń ṣe: ó ń pe fáìlì wọlé, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Mike Lesk àti John Reiser fi àwọn yòókù kún un. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún oníṣòwò. Àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ kọ́ ló ṣe é, síbẹ̀ kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́jọ́ náà nìkan ni wọ́n ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú ètò kékeré bẹ́ẹ̀ lóde òní, kó wo Three.js. Ricardo Cabello, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Mr.doob, ló gbé e jáde ní 2010, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni láti lò, títí kan ẹni tó fẹ́ fi pawó. Wọ́n pín àwọn shader rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ sínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní ShaderChunk: kúlíkúlí kan fún ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan fún kùrukùru, ọ̀kan fún òjìji. Shader tó bá nílò kùrukùru yóò kọ ìlà kan tó ní #include àti orúkọ kúlíkúlí náà. Kí kóòdù tó dé ọ̀dọ̀ GPU, ìwọ̀nba kóòdù JavaScript díẹ̀ yóò wá gbogbo irú ìlà bẹ́ẹ̀, yóò yọ ọ́, yóò sì fi ọ̀rọ̀ inú kúlíkúlí náà dípò rẹ̀. Bí kúlíkúlí yẹn bá tún pe òmíràn, yóò tẹ̀lé e lọ. Bí orúkọ náà kò bá sí, yóò pariwo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn lè ka gbogbo rẹ̀ tán kí tíì tó tutù.

Ètò yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tó mówó wọlé ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ó ń fi ìlà díẹ̀ sí orí gbogbo shader, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ṣe rí. Nígbà tí WebGL 2 jáde ní 2017, èdè rẹ̀ yí padà: ohun tí wọ́n ń pè ní varying tẹ́lẹ̀ di in tàbí out, texture2D di texture. Ẹni tó ti da kóòdù kọ káàkiri níláti máa tún un kọ láti ìlà dé ìlà. Àwọn Three.js fi ìlà #define díẹ̀ sórí, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé bó bá rí ọ̀rọ̀ àtijọ́, kó kà á sí tuntun. Àwọn shader tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Bákan náà ni ti fóònù: GLSL ti fóònù máa ń fẹ́ kí wọ́n sọ bí ìṣirò ṣe gbọ́dọ̀ péye tó kí ó tó gbà láti kun ohunkóhun, nígbà tí ti kọ̀ǹpútà kò béèrè. Ojú kan ni preprocessor ti ń yanjú rẹ̀. Ọjà yí padà, iye owó tí wọ́n fi bá a yí padà jẹ́ ìlà díẹ̀. Àǹfààní tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ máa wá nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń kọ GLSL fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ṣiyèméjì. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́. Àmọ́ kí ó rántí pé ìdajì iṣẹ́ ni èdè náà ti ṣe sílẹ̀. #define àti #ifdef ti wà nínú GLSL, kò sí ìdí tí ọmọṣẹ́ yóò fi máa gbẹ́ kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ohun mẹ́ta péré ló kù: kí ètò náà pe fáìlì wọlé, kí ó fi orí tó yẹ sí i, kí ó sì rántí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ti ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, òun ló sì ń jẹ owó jù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó fáìlì márùn-ún pọ̀ di ọ̀kan, compiler tó wà nínú káàdì yóò sọ pé àṣìṣe wà ní ìlà 412. Fáìlì tí ọmọṣẹ́ kọ kò ju ọgọ́ta (60) ìlà lọ. Ìlà 412 wo? Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Bó bá ń lò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, tó sì rí mẹ́rin lójúmọ́, wákàtí kan ti lọ. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àṣìṣe tí wọn kò tètè rí orísun rẹ̀ ló ń sọ ètò tó yẹ kó dín iṣẹ́ kù di èyí tó ń dá kún un.

GLSL ní àṣẹ kan fún èyí, #line ni wọ́n ń pè é. Ó ń sọ fún compiler pé ìlà tó ń bọ̀ yìí, nọ́ńbà báyìí ni kó pè é, fáìlì báyìí ni kó kà á sí. Àmọ́ ó ní àbùkù méjì tó yẹ kí ọmọṣẹ́ mọ̀. Ìkíní, GLSL kò gbà kí wọ́n kọ orúkọ fáìlì síbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló gbà. Nítorí náà, ètò náà gbọ́dọ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kó tọ́jú ìwé orúkọ wọn, kó sì dá nọ́ńbà padà sí orúkọ nígbà tí àṣìṣe bá jáde. Ìkejì, nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ máa ń fi ẹyọ kan yàtọ̀ sí ìlà tó tẹ̀lé e, GLSL 3.30 ló tún ìyẹn ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò máa wo ìlà kejì sí èyí tó bàjẹ́. Three.js gba ọ̀nà mìíràn: bí àṣìṣe bá wáyé, ó máa ń tẹ àwọn ìlà tó yí i ká jáde pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ojú lè rí i. Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló dára. Ètò tí kò bá ní ọ̀kankan nínú wọn kò tíì parí, kí ọ̀gá má ṣe gbà á.

Àwọn ọ̀fìn mìíràn tún wà tí wọ́n kéré lójú. Ìlà #version gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo kóòdù yòókù nínú GLSL. Bí fáìlì tí wọ́n pè wọlé bá gbé tirẹ̀ wá sí àárín, iṣẹ́ dúró. Bí fáìlì méjì bá pe ẹ̀kẹta, ohun kan náà yóò wọlé lẹ́ẹ̀mejì, compiler yóò sì kọ̀ ọ́. Bí A bá pe B, tí B náà tún pe A, ètò náà lè máa yí po láìdúró. Ẹni tó bá ní kí fáìlì kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti bọ́ nínú méjì nínú wọn, àmọ́ ó lè kó sínú òmíràn: bí ìpè àkọ́kọ́ bá wà nínú #ifdef tí wọ́n pa, ètò náà á rò pé òun ti mú un wá, á sì kọ ìpè kejì, kóòdù á wá di àwátì. Ìmọ̀ràn tó rọrùn ni pé kí gbogbo #include wà ní òkè fáìlì, níta #ifdef èyíkéyìí. Òfin tí wọ́n kọ sórí ìwé kan ṣoṣo dín owó ju ọgbọ́n tí wọ́n kọ sínú kóòdù lọ.

Ewu tó tóbi jù wá ku ẹyọ kan, ti ọ̀gá gan-an ló sì jẹ́, kì í ṣe ti ọmọṣẹ́. Nígbà tí preprocessor bá ti wà, ó máa ń dùn mọ́ni láti máa fi suwíìṣì kún shader: tan òjìji, pa òjìji, tan kùrukùru, pa kùrukùru. Suwíìṣì kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ẹ̀dà di ìlọ́po méjì. Suwíìṣì márùn-ún jẹ́ ẹ̀dà 32. Mẹ́wàá jẹ́ 1,024. Ogún jẹ́ 1,048,576. Kò sí ilé-iṣẹ́ kékeré tó lè dán ẹ̀dà 1,024 wò lórí fóònù tó ní Mali, èyí tó ní Adreno àti èyí tó ní PowerVR. Ohun tí wọn kò bá dán wò, oníbàárà ni yóò bá wọn dán an wò. Unity tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá bá ìṣòro yìí pàdé, ó sì ní irinṣẹ́ tó ń gé àwọn ẹ̀dà tí kò wúlò kúrò kí géèmù tó jáde. Ilé-iṣẹ́ olóṣìṣẹ́ mẹ́ta kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Kí ọ̀gá sọ iye suwíìṣì tí òun gbà láyè, kí ẹni tó bá fẹ́ fi kún un wá ṣàlàyé.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí wọn kò kúkú lo ohun tó ti wà nílẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbéraga kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń lo Unity ti ní #include lọ́wọ́. Ẹni tó ń lo Godot, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ní in láti ìgbà tí ẹ̀dà 4.0 jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Vulkan lè lo glslc ti Google, tó ń pe fáìlì wọlé láìsí wàhálà. Slang, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ NVIDIA, tó sì bọ́ sábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ Khronos ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbé ètò pínpín kóòdù tó lágbára ju #include lọ wá. Ẹni tó bá wà nínú ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó tún ń san owó fún ọmọṣẹ́ láti kọ preprocessor tirẹ̀ ń ra omi létí odò.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ń kọ kóòdù WebGL tiwọn kí ojú ewé wọn lè fúyẹ́ lórí fóònù oníbàárà tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Wọn kò fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì ńlá rù nítorí àga kan tí wọ́n fẹ́ tà. Irú wọn ló nílò ètò kékeré yìí. Kò sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà máa kásẹ̀ nílẹ̀ láìpẹ́. Nígbà tí WebGPU wọ inú Chrome ní 2023, èdè tuntun tó bá a wá, WGSL, kò ní preprocessor rárá. Kò ní #include, kò ní #define, kò ní #ifdef. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì Bevy ní láti lo irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ naga_oil láti fi so àwọn fáìlì WGSL wọn pọ̀. Èdè ń yí padà, àìní kan náà ló ń padà wá.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lè gbé síwájú ọmọṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò lè kọ ìlà kóòdù kan. Ṣé ohun tí wọ́n ń lò kò ti ní in tẹ́lẹ̀? Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ṣé yóò sọ orúkọ fáìlì àti ìlà rẹ̀? Suwíìṣì mélòó ló wà, ta ló sì ń kà wọ́n? Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gba iṣẹ́ síbòmíràn lọ́la, ṣé ẹlòmíràn lè kà á kó yé e láàárín ọjọ́ kan? Bí ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tí mẹ́ta yòókù sì ní ìdáhùn gidi, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò yẹ kó gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó bá ti ń di oṣù kejì tí ọmọṣẹ́ ṣì ń sọ pé ó ku díẹ̀, ó ti kúrò ní preprocessor, ó ti di pé ó fẹ́ dá èdè tirẹ̀ sílẹ̀, owó ilé-iṣẹ́ ló sì fẹ́ fi ṣe é.

Kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Irinṣẹ́ inú ilé náà rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọ̀gá lọ wo fáìlì wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n bi ọmọṣẹ́ pé ibi mélòó ni wọ́n ti da kóòdù ìmọ́lẹ̀ yẹn kọ. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀.